Abẹ́rẹ́ Mẹ́jọ àti Fọ́ọ̀mù Ìdúpẹ́

Abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni mo ki òwú bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn láràárọ̀, láti bí ọdún mẹ́fà tí ìyàwó mi kò ti rí ojú abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Ó lè rí ẹni tí ó ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun àdúgbò, kí ó sì sọ fún ọ pé ìṣẹ́tí aṣọ ẹni náà ti tú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ ti kọ̀ ọ́. Dókítà ojú fún un ní awò. Ó wò ó nínú dígí lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó mú òun dà bí ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò nílùú. Awò wọ inú dúrọ́ọ̀, èmi sì di ẹni tí ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Mẹ́jọ máa ń tó o fún iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ kan. Mo máa ń gún wọn mọ́ fóòmù kékeré kan tí a gé lára tìmùtìmù àtijọ́, kí ó lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ yẹn ó ní kí n fi òwú funfun sí mẹ́ta, pupa rúsúrúsú sí mẹ́ta, àwọ̀ ojú ọ̀run sí méjì.

"Ta ló ni aláwọ̀ ojú ọ̀run?" mo bi í. N kò rí aṣọ irú rẹ̀ nílé.

"Ẹni tó ni ín ò tíì mọ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, mo ti gba fọ́ọ̀mù ìdúpẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọ. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ la máa jáde."

"Kí la tún fẹ́ dúpẹ́ lé lórí? Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tá a jáde."

"Ṣé ẹ ò ti mí láti oṣù mẹ́ta ni?"

Mo ní mo mí.

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ sì máa sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwa méjèèjì. Ọ̀fun tèmi náà fẹ́ gba ìsinmi."

Abẹ́rẹ́ keje ló wà lọ́wọ́ mi, òwú rẹ̀ sì ń ṣe agídí. N kò gbójú sókè. Mo ní, "Ọjọ́ tó ò bá ní nǹkan kan láti sọ mọ́, ọjọ́ yẹn ni màá sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ń gbọ́ yín o," ó ní. Ó di fóòmù abẹ́rẹ́ sínú báàgì, ó mu omi, ó ní kí n má gbàgbé láti yọ ẹja kúrò nínú fìríìjì kí n tó jáde, ó sì lọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Mo gbàgbé ẹja náà.

Àwọn tí ó wá kí mi bi mí léraléra pé kí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí a jọ sọ. Mo ń dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ ẹja ni. Òótọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ẹja ni n kò sọ fún wọn.

Kí ó tó di aago kan ọ̀sán, obìnrin onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti ìyàwó mi ní Ojú-Òrè pè mí sórí fóònù. Ó ní, "Dádì, ẹ máa bọ̀. Mọ́mì gbórí lé máṣíìnì bíi pé wọ́n fẹ́ sinmi. A pè wọ́n, wọn ò dáhùn." Inú láàbù ni mo wà. Mo bọ́ kóòtù, mo fi kọ́, mo ti gbogbo gáàsì pa, mo kọ àkókò tí mo jáde sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tí mo fi dé ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, dókítà ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní ọkàn ni, ó ní kò jẹ̀rora rárá, ó ti kọjá lọ kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé kan. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí mo ṣe ń ka ìwé àyẹ̀wò, mo sì ń wá ibi tí màá fọwọ́ sí. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ ò ní ibì kankan tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ sí níbẹ̀."

Fífọwọ́ sí nǹkan ni iṣẹ́ mi. Kẹ́mísírì ni mo kà, ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Sàǹgó ló sì kọ́kọ́ gbà mí. Ọṣẹ kankan kò gbọdọ̀ jáde ní géètì láìjẹ́ pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn ìjọ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dá yunifásítì sílẹ̀ ní agbègbè wa, ọ̀kan nínú wọn gbà mí láti máa bójú tó láàbù kẹ́mísírì. Ọṣẹ kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọṣẹ kì í bẹ̀ ọ́ pé kí o jọ̀ọ́ fọwọ́ sí i.

Télọ̀ ni ìyàwó mi. Àyétòrò ni ó ti kọ́ṣẹ́, kí n tó lọ fẹ́ ẹ wá. Aṣọ obìnrin ni ó ń rán nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé Ìjòkó. Nígbà yẹn ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti mọ́ṣáláṣí kan ló wà lójú pópó wa, ilẹ̀ ìyókù sì jẹ́ ti koríko. Láàárín ọdún díẹ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti kó dé, ilé ti kún, n kò sì lè ka iye ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyàwó mi lè kà wọ́n. Aṣọ akọrin ni ó fi ń dá wọn mọ̀, nítorí òun ni ó rán èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. A lè jókòó sínú ọkọ̀ láti ilé dé Sàǹgó, kí ó máa sọ fún mi pé, "Àwọn aláwọ̀ ewé nìyẹn. Ẹni tó ń bá wọn gbé ohùn ìsàlẹ̀ ò ṣeé wọn, ó ń sanra lóṣooṣù."

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ó yé òun nìkan. Bí ìjọ kan bá fọ́ sí méjì, àwọn tí ó jáde kò ní fẹ́ wọ àwọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó kù sílẹ̀, wọn yóò rán tuntun. Àwọn tí ó kù sílẹ̀ náà yóò rán tuntun, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Ìyàwó mi máa ń gbàdúrà fún ìṣọ̀kan ìjọ Ọlọ́run ní gbogbo òwúrọ̀, tọkàntọkàn, pẹ̀lú ojú dídì. Bí a bá ti ṣe àmín, ó máa ń bi mí bóyá mo ti gbọ́ nǹkan kan nípa pásítọ̀ ìsàlẹ̀ òpópónà wa àti igbákejì rẹ̀. N kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín lórí àdúrà náà tàbí lórí ìbéèrè náà.

Yunifásítì wá mú gáàwùn dé. Lẹ́yìn yunifásítì ni àwọn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní àwọn náà fẹ́ gáàwùn àti fìlà onígun mẹ́rin, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó fẹ́ wọ kíláàsì kìíní. Ìyàwó mi rán gbogbo rẹ̀. Ó ní oyè ti ń dé báyìí kí ọmọ tó lè so okùn bàtà.

Mo ní láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ wa. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù ni. Ìdílé tí ó bá fẹ́ jáde yóò gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì, fọ́ọ̀mù náà sì ní àyè mẹ́ta: orúkọ ìdílé, iye ènìyàn tí yóò jáde, àti ìdí ìdúpẹ́. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò dá orin, àwọn akọrin yóò gbè é, ẹ óò jó dé iwájú pẹpẹ, ẹnì kan nínú yín yóò sì gba míkírófóònù fún ìṣẹ́jú méjì. Akọ̀wé ìjọ a jókòó ní apá òsì pẹ̀lú aago àti agogo kékeré kan. Bí ìṣẹ́jú méjì bá pé, yóò lù ú. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù agogo yìí, ẹlòmíràn a dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ìyàwó mi kò gbọ́ agogo náà rí. Ó sọ fún akọ̀wé pé òun rò pé ẹni tó ń ta áísìkiríìmù ló ń kọjá níta.

Ó ti dúpẹ́ fún òjò tí ó dúró títí a fi da kọnkéré ilẹ̀ ilé wa tán. Ó ti dúpẹ́ fún sítóòfù kẹrosíìnì tí ó ṣubú tí kò gbiná. Ó dúpẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tí ibà fi gbé ọmọ wa dání tí ó sì jù ú sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Ní ọdún kan ó dúpẹ́ fún ọkọ tí kì í bínú. Mo bínú díẹ̀ nítorí ìyẹn. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, mo ń wo ilẹ̀. Mo mọ táìlì iwájú pẹpẹ wa ju ẹni tí ó tẹ́ ẹ lọ. Mẹ́ta ló ti sán.

Kì í ṣe pé n kò gbàgbọ́. Mo gbàgbọ́ nígbà náà, mo gbàgbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò bá tíì yẹ̀ wò tán, ọwọ́ mi kì í lọ síbẹ̀. Nígbà tí a ń darí sílé ní ọjọ́ tí ó dúpẹ́ fún òjò, mo sọ fún un pé òjò tí ó dúró dè wá dúró de aládùúgbò wa náà, ẹni tí kò bẹ Ọlọ́run ní nǹkan kan.

"Ẹ sọ fún un kó wá dúpẹ́ nígbà náà," ó ní.

A sin ín ní ọjọ́ Jímọ̀. Akọrin ìjọ mẹ́rin ló wá, olúkúlùkù nínú aṣọ tí ó rán fún wọn. Méjì nínú àwọn ìjọ wọ̀nyí ti jẹ́ ìjọ kan rí, ó sì ti pẹ́ tí wọn kò kí ara wọn mọ́. Ọ̀kan dúró sí apá ọ̀tún ibojì, ọ̀kan dúró sí apá òsì, wọ́n sì kọ orin kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ohùn kan náà bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì parí rẹ̀ papọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Ìṣẹ́tí aṣọ wọn gún régé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ìjọ gba ilé mi. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí di òní, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ìyókù kí ó má dà bí ẹ̀sùn. Kúlà oúnjẹ ń wọlé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Wọ́n gbálẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbá. Wọ́n fọ aṣọ mi, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n kó o sí ibi tí n kò ti rí i. Wọ́n da ẹja inú fìríìjì nù láìbi mí. Mo dìde lọ sí kíṣìnì láti mu omi, obìnrin mẹ́ta dìde tẹ̀ lé mi. Pásítọ̀ wá, ó ka Bíbélì fún mi, ó sì ní kí n má bi Ọlọ́run ní ìbéèrè. Mo ní n kò bi í. Ó ní ó dára. A mu mínírà.

Ọmọbìnrin wa, ẹnì kan ṣoṣo tí a bí, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì kan, Alápòtí ni ó ń gbé. Ó gba ìsinmi wá jókòó tì mí. Lápapọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò fi ọwọ́ mi ṣe nǹkan kan ju pé mo wẹ̀, omi tí mo fi wẹ̀ gan-an, ẹlòmíràn ló gbé e sí balùwẹ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè tí ó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù, akọ̀wé ìjọ wá sílé. Àgbàlagbà ni, ó fi ọdún méje jù mí lọ, ó sì máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ní àpò méjì nítorí bírò. Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó jókòó, ó yọ fọ́ọ̀mù kan.

"Àbúrò, ẹ má bínú," ó ní. "Orúkọ ìdílé yín wà lára àwọn tó ń jáde ní Sọ́ńdè. Mọ́mì ti mú fọ́ọ̀mù wá. Mo fẹ́ yọ ọ́, àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ ṣèèṣì pè yín."

"Ẹ yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n," mo ní.

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀." Ó mú bírò kan, ó tún dá a padà, ó mú èkejì. Kò yọ ọ́. "Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ."

Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni, ó tóbi, ó sì fà sókè bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ ń gun òkè. Orúkọ ìdílé wà níbẹ̀. Iye ènìyàn: méjì. Ní àyè ìdí ìdúpẹ́, ó kọ ọ́ pé, *Ọkọ mi ni yóò sọ ọ́.*

"Ìgbà wo ló mú un wá?" mo bi í.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an. Wọ́n yà sí ọ́fíìsì kí wọ́n tó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, 'Mọ́mì, èyí kì í ṣe ìdí.' Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹ ti ṣèlérí fún àwọn láàárọ̀ yìí."

"Ìlérí wo?"

"Mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n, sà."

Mo mọ̀ ọ́n. Àwàdà ni mo fi í ṣe. Òun gbà á bí àdéhùn, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù láàárín wákàtí kan, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ wa, ọ̀rọ̀ tí mo fi lé e jáde nílé yóò wà bẹ́ẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ òpònú tí ọkùnrin kan sọ láìgbójú sókè. Bí mo bá lọ, mo ní láti dúró níwájú gbogbo ìjọ kí n dúpẹ́ nígbà tí kò tíì pé oṣù kan tí a sin ìyàwó mi. N kò mọ èyí tí ó burú jù. Mo tún sọ fún akọ̀wé pé kí ó yọ ọ́. Ó ká fọ́ọ̀mù náà, ó ní òun á fi dúró di Sátidé, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ọmọ mi dé láti Ojú-Òrè pẹ̀lú ẹrù ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ aṣọ kan sórí àga. Bùbá ọkùnrin ni, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ṣòkòtò rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ọrùn ta ni a fi wọ̀n ọ́n.

"Àǹtí onídìrí ní itan Mọ́mì ló wà nígbà yẹn," ó ní. "Wọ́n ti rán an tán, bọ́tìnnì ló kù."

Bọ́tìnnì mẹ́ta ló yẹ kí ó wà ní ọrùn rẹ̀. Méjì ti dúró. Ẹ̀kẹta wà nínú ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n fi píìnì mú mọ́ ọn. Mo wo fóòmù abẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín ẹrù náà. Òwú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ti tán, mẹ́rin ṣì wà bí mo ṣe ki òwú bọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rán an mọ́ ọn," ọmọ mi ní.

"Fi sílẹ̀."

"Dádì, bọ́tìnnì kan ni."

"Mo rí i pé bọ́tìnnì kan ni. Fi sílẹ̀."

Ó fi sílẹ̀. Ó jókòó. Ó ti rí akọ̀wé lójú ọ̀nà, akọ̀wé sì ti sọ fún un, nítorí pé bí a bá yọ ti ìjọ kúrò, kò sí àṣírí tí ọkùnrin yẹn lè pa mọ́. Ó ní, "Ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èèyàn ò gbọdọ̀ fagi lé nǹkan nínú ìwé iṣẹ́ láìkọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mi lẹ torí ẹ̀ bínú."

"Mo rántí."

"Kí lẹ máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí?"

Mo ní kí ó lọ wo iná. Iná kò sí lórí sítóòfù.

Láti Wẹ́sídeè títí di Sátidé ni mo fi ń ro ohun tí màá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò lè kọ ọ́ pé kò sí ìdí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́kàn, kò dúró. Èmi tí mo gbọ́ gbogbo ìdúpẹ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ń sọ pé kò sí ìdí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí ìtùnú, bí kò ṣe nítorí pé mo fẹ́ mọ èyí tí mo lè fagi lé. Mo jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn obìnrin rò pé mo ń sunkún, wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ní ọ̀sán Sátidé mo pe akọ̀wé lórí fóònù. Mo ní kí ó fi orúkọ wa sílẹ̀.

"Mi ò tíì yọ ọ́," ó ní.

Bùbá náà ni mo wọ̀ lọ sí ìsìn Sọ́ńdè, pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì. Màmá àgbàlagbà kan nínú ìjọ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ọrùn yín ṣí sílẹ̀."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ẹ dè é."

"Kò sí bọ́tìnnì níbẹ̀."

Ó wo ọmọ mi láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọ mi wo èmi. A wọlé.

Wọ́n pe ìdílé mẹ́rin kí wọ́n tó pe tiwa. Ẹni tí ó ń ka orúkọ dé orí wa, ó dúró díẹ̀, ó sì kà á. Ènìyàn méjì, ó ní. Èmi àti ọmọ mi dìde, iye náà sì pé. Ìyàwó mi ni ó máa ń dá orin. Ọmọ mi dá a, ó gbé e ga ju ohun tí ẹ̀dá lè kọ lọ, àwọn akọrin sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. N kì í jó. Mo rìn dé iwájú, mo dúró lórí táìlì tí mo mọ̀, wọ́n sì fún mi ní míkírófóònù.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀. Ìyàwó mi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé èmi ni màá sọ ìdí ìdúpẹ́. Mo ti sọ fún un pé ọjọ́ tí kò bá ní nǹkan láti sọ mọ́ ni màá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ọjọ́ náà ò lè dé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé ẹ̀rín náà mì kíákíá.

"Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni mo ṣe. Láti Wẹ́sídeè ni mo ti ń yẹ gbogbo ohun tó sọ níbí wò, bí mo ṣe rántí wọn. Òjò dúró lóòótọ́. Sítóòfù ò gbiná lóòótọ́. Ọmọ wa yè, òun nìyí. Mi ò rí irọ́ kan níbẹ̀. Èyí tó sọ nípa mi nìkan ló fi iyọ̀ sí jù. Mo fọwọ́ sí ìyókù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lẹ́ni tó ń sọ ọ́."

Mo dá míkírófóònù padà. Agogo kò dún. Akọ̀wé ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Lẹ́yìn ìsìn ó sọ fún mi pé ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni mo lò, pé ìyókù ṣì wà nílẹ̀ fún mi.

Ọmọ mi padà sí Alápòtí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé nítorí ìsinmi rẹ̀ ti tán. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìjọ lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí ó ní òun fẹ́ lọ wa ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n wọn kò wá. Ilé dákẹ́. Mo gbé àga sí ẹnu fèrèsé, mo mú bùbá náà, mo yọ bọ́tìnnì kẹta kúrò nínú ọ̀rá, mo sì mú abẹ́rẹ́ tí ó ní òwú àwọ̀ ojú ọ̀run.

Mo ki abẹ́rẹ́ bọ inú aṣọ láti ẹ̀yìn, mo fà á. Gbogbo òwú náà bá mi bọ̀, ó sì jáde tán lọ́wọ́ mi. Mo tún un ṣe, ó tún jáde. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún obìnrin yìí láràárọ̀, n kò mọ̀ pé ó kù kí a ta kókó sí ìdí rẹ̀. Òun ni ó ń ta á ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ fún mi rí pé iṣẹ́ mi kò pé.

Mo ta kókó náà. Ó tóbi jù, mo gé e, mo ta òmíràn. Òwú ti yọ kúrò lójú abẹ́rẹ́ nígbà náà, mo tún ki òwú bọ̀ ọ́. Ìyẹn kò gbà mí lákòókò. Mo rán bọ́tìnnì náà mọ́ ọrùn aṣọ, mo gún ìka lẹ́ẹ̀mejì, mo yí òwú mọ́ ìdí rẹ̀ bí mo ṣe rí i lára àwọn méjì tó kù, mo sì fi eyín gé e.

Ó wọ́ díẹ̀ sí apá òsì. Mo wọ bùbá náà, mo de bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tú wọn, mo tún dè wọ́n. Ó mú.